Fítámì Oorun Tí Ọlọ́jà Rẹ̀ Kò Lè Gbé Mì

Orí ọ̀pẹ ni mo wà ní Igbódìgò nígbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo di igbà mi mú; ọwọ́ kò gbọ́ràn. Òógùn bò mí, àyà mi ń lù kì-kì-kì. Ọjọ́ méjì ni oògùn oorun mi ti tán, n kò sì mọ̀ pé òun ló fà á. Nígbà tí mo rọra sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ní ìdáhùn tiwọn.

"Bàbá Fẹ́mi, ṣé ògógóró ti tán nílé ni?"

"Ẹ má bá a wí, ọ̀pẹ ló mutí yó."

Èmi tí ọtí kò kan ètè mi rí! Kí oṣù náà tó parí, ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa gba ipò alàgbà lọ́wọ́ mi, pé ọ̀mùtí kò gbọdọ̀ dúró níwájú pẹpẹ. Wọn kò bi mí léèrè. Olódodo kì í béèrè, ìdájọ́ ni tirẹ̀.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn tí a sin ìyá mi, oorun kọ̀ mí. Àbúrò mi fi ìgò kan ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Mẹlatónìn ni orúkọ rẹ̀, wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún bí ẹni ń ta fítámì. Nígbà tí ó tán, mo gbé ìgò òfìfo lọ sí Òkìtìpupa, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta oògùn, tó fi aṣọ dókítà bo àìmọ̀kan rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Fítámì oorun nìyí, Bàbá," ló wí, láì ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. "Èmi náà ní i. Tèmi tilẹ̀ lágbára jù."

Ó lágbára lóòótọ́. Ẹyọ kan di méjì, méjì di mẹ́ta, títí ọdún fi yí po.

Lẹ́yìn ọjọ́ orí ọ̀pẹ náà, mo ra òmíràn, gbígbọ̀n náà sì dáwọ́ dúró; ìfura mú mi kó ìgò àti oògùn lọ sí ọsibítù. Níbẹ̀, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kanrí. Dókítà obìnrin kan wo ìgò, ó wo oògùn.

"Bàbá, àwọn méjèèjì yìí ò bára tan rárá."

Ó ní mẹlatónìn jẹ́ èròjà tí ọpọlọ máa ń ṣe fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, láti sọ fún ara pé àkókò oorun tó. A kò rí i kó di bárakú bí èkejì, ṣùgbọ́n ó lè fa orí fífọ́ àti òòyì, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí ìlò ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè ṣe. Aboyún àti ẹni tó ń lo oògùn mìíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà. Èyí tí mo ń gbé mì, dayasipáàmù ni, oògùn amúnisùn líle. Òun ni í di bárakú, ẹni tó bá sì já a sílẹ̀ lójijì, gìrì lè gbé e. Díẹ̀díẹ̀ ni a fi dín in kù, fún oṣù mẹ́ta. Awọ ara mi ń ta mí bí ẹni pé ìjàlọ ń rìn lórí rẹ̀; mo ń bínú sí ìró ṣíbí nínú àwo.

Nígbà tí mo lókun, mo bẹ àwọn àgbà kí wọ́n pe ọkùnrin tó ta oògùn fún mi. N kò fẹ́ ju kí ó jẹ́wọ́ ohun tó fún mi, kí orúkọ mi lè mọ́.

"Fítámì ni," ló wí. "Bàbá yìí ò mọ̀wé ni."

Lóòótọ́, kíláàsì kẹrin ni mo kà dé. Olóyè tó ṣe olórí ìjókòó mi orí.

"Ó dára. Oúnjẹ ara ni fítámì. Ẹ fún un ní mẹ́ta nínú oògùn tirẹ̀ kó gbé e mì, ká jọ jókòó níbí di ìrọ̀lẹ́."

Ọ̀mọ̀wé wa tẹjú mọ́ oògùn ara rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, màṣíìnì ni mo gùn wá, mo ṣì máa gùn ún padà sílé."

Gbogbo ìjókòó bú sẹ́rìn-ín. Ìjẹ́wọ́ tí mo ń wá nìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́ pé kí n padà wá. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá bi mí ní ìbéèrè tí wọn kò bi mí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tó ka ara ìgò kó tó sọ̀rọ̀. Oorun mi ti padà báyìí. Kò gùn, ikọ́ ewúrẹ́ lè já a. Ṣùgbọ́n ara mi ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, kò sí òmùgọ̀ kankan tó tà á fún mi.