Fúláàsì Tí Òtútù Ń Mú

Fúláàsì wọ fìlà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ ní àdúgbò Ìrémọ nìyẹn, bí ẹnu bá ti kan olóògbé Àyọ̀kẹ́ Fáníyì. Fìlà funfun, ṣọ́ọ̀lù funfun, ìbọ̀sẹ̀ funfun ẹyọ kan. Lórí tábìlì ìjẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo ṣúgà. Oṣù Kejìlá ọdún 1995 ni, ọyẹ́ ti ń la èèyàn lẹ́tè.

Ìyá Ìlàrè ló wọlé bá a. Ìyá ọkọ Abọ́sẹ̀dé ni, Abọ́sẹ̀dé tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí Àyọ̀kẹ́ bí. Obìnrin tí kì í jókòó kó tó wo yàrá yíká.

"Àna mi, kí ni mò ń wò yìí?"

"Fúláàsì ni, Mà."

"Mo rí i pé fúláàsì ni. Kí ló wọ̀ sọ́rùn?"

"Aṣọ."

"Kí ló fẹ́ fi aṣọ ṣe?"

"Òtútù ń mú un."

"Fúláàsì! Tí omi gbígbóná kún inú rẹ̀!"

"Ẹ̀jẹ̀ gbígbóná kún inú ẹ̀yin náà, Mà. Ẹ sì wọ sùwẹ́tà wá."

Ìyá Ìlàrè na ìka sí ìbọ̀sẹ̀. "Ẹsẹ̀ wo wá ni fúláàsì ní?"

"Ohun tó jẹ́ kí n hun ẹyọ kan ná nìyẹn," ni Àyọ̀kẹ́ wí. "Mo fẹ́ wò ó bóyá yóò rìn."

Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́ báyìí. Lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Oyún oṣù mẹ́rin ló wà nínú Abọ́sẹ̀dé nígbà náà. Oyún kẹta. Ọmọ àkọ́kọ́ kò ké nígbà tó dé. Èkejì ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà méjèèjì, Àyọ̀kẹ́ ti hun fìlà, ó ti rán ìlédìí, ó ti kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kí oyún tó pé oṣù mẹ́rin. Lẹ́yìn tí wọ́n sin èkejì, Ìyá Ìlàrè dìde láàárín ẹbí méjèèjì, ó sọ ọ́ síta. "Ọwọ́ yín ló ń sáré ṣáájú ọmọ, àna mi. A kì í dáṣọ fún ẹni tí kò tíì dé." Kò sí ẹni tó já a nírọ́. Ilé tó ń ra nǹkan ọmọ sílẹ̀ kí ọmọ tó dé kò pọ̀ nínú ìlú. Ayé ń wò.

Àyọ̀kẹ́ gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó búra lójú gbogbo wọn. Òun kò ní rán, òun kò ní hun ohunkóhun fún ọmọ Abọ́sẹ̀dé mọ́, àfi tó bá dé.

Ó sì pa ìbúra náà mọ́. Fúláàsì ló hun ún fún.

Ká sòótọ́, fúláàsì kọ́ ló kọ́kọ́ wọṣọ nínú ilé náà. Rédíò wọṣọ. Tẹlifíṣọ̀n wọṣọ. Ọwọ́ àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdérí korobá omi. Àyọ̀kẹ́ kò ṣòwò, kò ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ilé ló ń tọ́jú, abẹ́rẹ́ kíróṣè rẹ̀ tó tẹ̀ lẹ́nu bí ìwọ̀ ẹja kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ro ọbẹ̀, ó ń hun. Ó ń jà, ó ń hun. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Fáníyì, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì ní yunifásítì, máa ń sọ fún àlejò pé òun kì í dúró pẹ́ lójú kan nínú ilé òun. "Ẹ̀rù ń bà mí," ni yóò wí. "Wọ́n lè bò mí."

Ohun kan ṣoṣo ni Àyọ̀kẹ́ kórìíra. Ojú òwú tó fò. Bó bá rí ọ̀kan, kì í tún un ṣe. Títú ni. Gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, òun àti ọkọ rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló bá rí i lẹ́yìn sùwẹ́tà Bàbá Fáníyì.

"Ẹ dúró, Bàbá Bọ́sẹ̀."

"Ìsìn ti bẹ̀rẹ̀!"

"Ojú kan fò lẹ́yìn yín."

"Ta ló máa rí i?"

"Ọlọ́run tí ẹ ń gbé e lọ bá."

Bàbá kò dúró. Òun náà kò dúró. Bàbá ń rìn níwájú, Àyọ̀kẹ́ ń tú u bọ̀ lẹ́yìn láti etí ìsàlẹ̀, ó sì ń ká a. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, sùwẹ́tà ti gòkè dé abẹ́ apá. Ìyókù wà nínú báàgì Àyọ̀kẹ́, ó rí roboto bí ẹ̀bà.

Òwú funfun ti ara fúláàsì wá ńkọ́? Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ibi tó ti wá. Sùmáyà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Wàhídì, ọ̀rẹ́ Àyọ̀kẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wọn níyà. Lẹ́yìn ikú ọmọ kejì, Ìyá Ìlàrè ní kí wọ́n sun gbogbo aṣọ inú àpótí. Àyọ̀kẹ́ fi eérú hàn án. Eérú ìrọ̀rí ni. Odindi oṣù kan ni Bàbá Fáníyì fi wá ìrọ̀rí rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Sùmáyà bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀, aṣọ ọmọ yí i ká. Ó ń tú wọn. Fìlà. Ṣọ́ọ̀lù. Ìbọ̀sẹ̀. Kò sunkún.

"Àyọ̀kẹ́, kí lo ń ṣe?"

"Mò ń wá ojú tó fò."

Ó tú gbogbo rẹ̀ tán, ó ká òwú rẹ̀ pa mọ́. Kò rí i.

Oṣù Kẹrin ọdún 1996, ó kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ni wọ́n wí. Ọ̀sán gangan, lórí àga rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kejì tó ti hun dé ìdajì wà lórí itan, abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀. Sùmáyà wọlé, ó kí i. Kò dáhùn. Kì í kúkú dáhùn bó bá ń ka ojú òwú. Sùmáyà fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó tì í. Ó ń dúró kó kà á tán.

Wọn ò jẹ́ kí Abọ́sẹ̀dé wá. Aboyún kì í wo òkú. Ó wà ní Ìlàrè, nínú yàrá, tí wọ́n fi sin ìyá rẹ̀ tán. Kí wọ́n tó gbé òkú jáde, àwọn obìnrin ìjọ ń palẹ̀ ilé mọ́, wọ́n ń kó iṣẹ́ ọwọ́ olóògbé jọ kí wọ́n kó o tẹ̀ lé e. Wọ́n bọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n bọ́ rédíò. Ọ̀kan nawọ́ sí orí tábìlì.

"Ẹ má fọwọ́ kan fúláàsì," ni Bàbá Fáníyì wí.

Ọkùnrin yìí kan náà ti ráhùn láti inú ọyẹ́ dé inú òjò pé bíbọ́ aṣọ lọ́rùn fúláàsì kì í jẹ́ kí òun tètè mu tíì.

"Bàbá, kí ni fúláàsì fẹ́ fi—"

"Òtútù ń mú un."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Abọ́sẹ̀dé bímọ. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, kò síná ní ilé ìwòsàn. Obìnrin ni. Kékeré. Ó ké. Ó tún ké.

"Ara ọmọ yìí ń tutù," ni nọ́ọ̀sì wí. "Aṣọ rẹ̀ dà?"

Kò sí aṣọ. Wọ́n ti pa òfin mọ́.

Ìyá Ìlàrè tú gèlè orí rẹ̀, ó fi wé ọmọ. Ó jáde sínú òjò, ó gun ọ̀kadà. Obìnrin tí kò gun ọ̀kadà rí. Nígbà tó dé Ìrémọ, omi ń ro lára rẹ̀ tótó, orí rẹ̀ wà níhòòhò. Bàbá Fáníyì dìde.

"Àna mi," ni ó wí, "mo wá gba aṣọ fúláàsì."

Bàbá gbé fúláàsì sọ́wọ́. "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Ó ń ké," ni Ìyá Ìlàrè dáhùn.

Bàbá bọ́ fìlà. Ó bọ́ ṣọ́ọ̀lù. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó di gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá méjì kí òjò má bàa kàn án. Fìlà náà bá orí ọmọ mu rẹ́gí. Kò sí fúláàsì tó ní irú orí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ọ́ ní Ìkẹ́olúwa. Ẹsẹ̀ kan wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ kan kò wọ̀. Sùmáyà mú ìbọ̀sẹ̀ kejì tí kò tíì parí, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Òun náà mọ̀ ọ́n hun. Kò lè pẹ́ wákàtí kan.

"Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá Wàhídì," ni Bàbá Fáníyì wí. "Bí ẹ bá parí ẹ̀, ọ̀rẹ́ yín á wá tú u."

Ìyá Ìlàrè ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé bá a rín in. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bàbá gbé ọmọ lé itan, ó wá ẹsẹ̀ kejì kàn nínú ṣọ́ọ̀lù, ó fi í sí àtẹ́wọ́, ó pa ọwọ́ dé. Kò ṣí i títí àdúrà fi parí.