Àwọn Tó Sin Kúnmi

Ọdún méjì péré ni Kúnmi fi gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ Queens County ní New York kó tó wọṣẹ́ sójà, tó sì kú sógun Afghanistan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní bó bá ti fi igi lu bọ́ọ̀lù, kí wọ́n máa wá a lọ. Ìyá rẹ̀, Adédoyin, kò rí tìyẹn rò. Eré tí géńdé ń wọ aṣọ funfun báláú fún, tí wọ́n ń dúró sóòrùn látàárọ̀, tí wọ́n tún ń sinmi mu tíì? Eré ọ̀lẹ ni.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú dé, òun àtàwọn àgbà ìjọ jókòó sílé ní St. Albans, nítorí òbí kì í dé ibojì ọmọ, ẹgbẹ́ ló sì ń sin òkú ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wo? Àwọn ọ̀rẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì náà ò yọjú sílé wá kí i rárá. Àbí àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀ í pè ló da yẹ̀pẹ̀ bò ó bí ẹni da ìdọ̀tí nù? Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kò sì rẹ́ni bi.

Lọ́dún tó kọjá, ó ń ti ibi iṣẹ́ tó ti ń tọ́jú arúgbó bọ̀, ó wọ ferry, ọkọ̀ ojú omi, ní St. George. Ọkùnrin kan wo ojú rẹ̀ títí, ó wá kí i. Túbọ̀sún ni, òun àti Kúnmi jọ gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Ìlú Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ń tiro.

"Mummy, a rò pé ẹ ń bínú sí wa. Ẹ ò wá sí funeral. Ojú wá ń tì wá láti wá sílé."

"Òbí kì í débẹ̀, Túbọ̀sún. Ṣé ẹ̀yin lọ?"

"The whole team, mà. Full whites la wọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ cemetery fẹ́ fi machine bò ó, a ní no way. A gba shovel, àwa fúnra wa la bò ó."

Ara Ìyá Kúnmi wá rọ̀ pẹ̀sẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń sunkún. Àwọn èrò ń wò ó, kò kàn án.

"Ọwọ́ yín ò bó?"

"Ó bó, mà."

Ó fa ọwọ́ ọ̀tún Túbọ̀sún, ó ń rọra fọwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí ẹni pé àná ló bó.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn ọmọ yín ni yóò sin yín."

Túbọ̀sún ò mọ irú àdúrà tí ìyẹn jẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣe àmín.