Ta Ló Ń Kan Ilẹ̀kùn Ẹ̀rọ Àtijọ́?

Tanìyẹn ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, nítorí pé bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà, tí ẹ ti dárúkọ ara yín tán, yóò ṣì béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Bó bá fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi ń wọ kọ̀ǹpútà, á fọwọ́ kan bo èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ òun nìkan ló wà nínú yàrá. Èmi ò kúkú bá a wí. Ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n oògùn téèyàn ń lò láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ ọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má wọ orí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn láìgba tíkẹ́ẹ̀tì. Kẹ́bẹ́rọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe ètò tó ń ṣe aṣọ́nà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ aṣọ́nà, kó sì dárúkọ ẹ̀rọ tó ń lọ bá. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀rọ kan gbà, ẹ̀rọ mìíràn ò ní í gbà á.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òun ló kọ ètò tó ń kó èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ bá àwọn dókítà. Ọmọbìnrin náà já fáfá, ó sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ wo àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tó wà lórí ẹ̀rọ àtijọ́, níbi tí èsì àyẹ̀wò náà wà nígbà yẹn.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Bọ̀dá, mo kàn fẹ́ fi dán ètò mi wò ni."

"Rárá o." Ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn Tanìyẹn mọ́.

Ní Sátidé kan, ó kó iṣẹ́ èsì kúrò lórí ẹ̀rọ àtijọ́ bọ́ sórí tuntun. Ó gbé àdírẹ́sì ti àtijọ́ fún tuntun, ó wá àdírẹ́sì mìíràn fún àtijọ́, ó sì fún tuntun ní orúkọ ìnagijẹ kan, "èsì", kí gbogbo ayé, títí kan ètò ọmọ náà, lè máa fi pè é. Nígbà tó di Mọ́ńdè, àwọn tó ń fojú ara wọn wo èsì lórí kọ̀ǹpútà rí i wò. Ètò àbúrò ìyàwó nìkan ni kò ṣiṣẹ́. Tanìyẹn yẹ ọ̀dọ̀ aṣọ́nà wò. Ètò ọmọ náà ń béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lórúkọ ẹ̀rọ àtijọ́, níbi tí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wà.

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀," ló wí. Kò pe ọmọ náà. Ó ti ọ̀nà mọ́ ọn lórí gbogbo ẹ̀rọ, ó sì gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọmọ yìí ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn débi àkọsílẹ̀ aláìsàn."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Àbúrò ìyàwó mi ni, sà. Ṣé màá purọ́ mọ́ ọn ni?"

Ọ̀gá ní kí ọmọ náà lọ jókòó sílé títí di Fúráìdè, tí wọn yóò pinnu bóyá kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tanìyẹn délé, ó rò ó fún ìyàwó. Ìyàwó gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, kò sì bá a jẹ ẹ́.

Àwọn dókítà ò dákẹ́ ní tiwọn, wọ́n ń béèrè èsì. Ni Tanìyẹn bá ṣí ètò ọmọ náà, ó fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé, ó tẹ̀ ẹ́. Kò ṣiṣẹ́. Ó wo ọ̀dọ̀ aṣọ́nà: Tanìyẹn fúnra rẹ̀ ló ń béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lórúkọ ẹ̀rọ àtijọ́. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ni.

Ìgbà yẹn ló tó tọpa ọ̀rọ̀. Ètò náà ò gba orúkọ ìnagijẹ gbọ́ bíi ti kọ̀ǹpútà àwọn yòókù. Onífura bíi tirẹ̀ ni. Bó bá ti gbọ́ "èsì", á lọ wo àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á wá béèrè pé ta ló ń gbébẹ̀ gan-an. "Ẹ̀rọ àtijọ́" ni ìwé tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí ń dá a lóhùn, nítorí pé Tanìyẹn kó ayálégbé tuntun wọlé, kò sì yọ orúkọ ti àtijọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó yọ ọ́, ó fi orúkọ ẹ̀rọ tuntun sí i, ó sì fi orúkọ náà han aṣọ́nà. Kíá, èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ẹ má jẹ́ n ṣépè fún un, ó gbìyànjú. Ó lọ bá ọ̀gá, ó ní òun lòun jẹ̀bi. Ọ̀gá ní kí ọmọ náà máa padà bọ̀.

Tanìyẹn délé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ọ̀rọ̀ ti yanjú. Wọ́n ti ní kó padà síbi iṣẹ́."

"Ó pè mí," ni ìyàwó wí. "Ó ní òun ò padà síbẹ̀ mọ́."

"Kí ló dé? Mo dán an wò, mo tún un dán wò. Ọmọ náà ò ṣẹ̀ rárá."

"Bàbá Ìbejì, kọ̀ǹpútà lẹ bi léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò mi, ẹ ò bi í lẹ́ẹ̀kan."