Làálì Àǹtí Ràfíátù

Àgbò kan kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọjà'ba láàárọ̀ yìí, ṣaworo lọ́rùn rẹ̀, mo sì gbàgbé ohun tí oníbàárà ń bi mí. Irú ìró bẹ́ẹ̀ ló máa ń jí wa ní Sátidé nílé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ṣaworo tí Àǹtí Ràfíátù so mọ́ ẹsẹ̀ ló máa ń dún. Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ìyàwó dókítà ará Íńdíà kan ló kọ́ ọ ní ijó ìlú wọn, ojúlówó ijó àtayébáyé, kì í ṣe ti inú fíìmù tí gbogbo wa ń sín jẹ. Nínú ijó yìí, ojú ń sọ̀rọ̀, ìka ń sọ̀rọ̀. Àǹtí á gbé ìwé egungun ara èèyàn tó ń kọ́ sójú fèrèsé, á máa kà á sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa lu ilẹ̀ gbì-gbì. Bàbá Àgbà á ní, "Ràfíátù, ilé yìí ti gbó o, má wó o lù wá!"

Lọ́jọ́ tí a ń ṣàdúà pé ó ti di dókítà, ó ní òun máa jó fún wa. Ó ti fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó, ó sì fẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ rí i kó tó lọ. Àwọn oníjó náà máa ń kun ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní pupa. Kò rí ọ̀dà wọn rà, ló bá lé làálì.

Bó ṣe yọ sí àgbàlá báyìí, Ìyá Àgbà figbe ta. "Alihamudulilai! Ọmọ mi ti rí ọkọ!" Àwọn ìyàwó ilé ti ń ṣàdúà ọmọ, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá ọkọ ń bọ̀.

Àǹtí ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, torí ijó ni."

"Làálì láìsí ọkọ? Háà!" Ìyá Àgbà dìde, wọ́n wọlé.

Síbẹ̀, ó jó. Bó ṣe ń jó ni ẹnì kan ń rántí ọbẹ̀ tó wà lórí iná, tí ẹlòmíì ń rántí ìrun. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí níta: "Àbúrò ìyàwó aláìlọ́kọ, a ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù o!" Ojú tì mí. Mo dìde. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, àwọn ìka pupa yẹn ṣì ń sọ̀rọ̀ fún àwọn àga tó ṣófo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré sí mi ò lè mọ bí ilé yẹn ṣe máa ń kún tó. Àwọn àgbà ti kú, àwọn yòókù ti kó lọ sílé tuntun. Èmi nìkan ló ń gbá àgbàlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí ò fi ijó sílẹ̀ nílùú òyìnbó tó lọ. Àwọn ọmọdé ló ń tọ́jú lọ́sibítù. Tó bá ti bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, á lọ jó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kó wálé wá jó fún wa.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ló kù níbẹ̀ tó máa wòran, àbúrò mi?"

Mo wo àgbàlá yíká.

Mo ní, "Èmi ni, Àǹtí. Mi ò ní dìde."