Táyà Tí Wọ́n Pè Ní Bàtà

Kò, kò, kò. Bàbá àgbà mi ń fi èèkù ṣíbí sìmẹ́ńtì kan táìlì, wọ́n dẹ etí sí i. Èyí tó bá dún bí ohun tó ṣófo nínú, wọ́n á ṣí i kí sìmẹ́ńtì tó gan, wọ́n á tún un lẹ̀. Gbogbo àdúgbò Àgbówó ló mọ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n bá tẹ́ kì í gbé omi dúró.

Àpò iṣẹ́ wọn máa ń rùn bí eruku àti irin. Okùn ìfàlà wà níbẹ̀, òòlù rọ́bà wà níbẹ̀, àti pínsà tí wọ́n fi ń gé etí táìlì díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọn kì í yá ẹnikẹ́ni ni ègé táyà ọkọ̀ méjì, tí wọ́n tẹ́ fóòmù sínú rẹ̀, tí wọ́n ń so mọ́ orúnkún.

"Bí ṣíbí bá kán, n ó ra òmíràn lọ́jà Dùgbẹ̀," ni wọ́n máa ń sọ. "Orúnkún ńkọ́? Ta ní ń tà á?"

Láwọn ọdún tí sìmẹ́ńtì wọ́n bí ojú, ìjọ aláṣọ funfun tí à ń lọ ní kí wọ́n wá lẹ táìlì sí pẹpẹ. Mo gbé oúnjẹ wọn tẹ̀ lé wọn. Wòlíì pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ bọ́ ìyẹn. Bàtà ni táyà. A kì í wọ bàtà dórí ilẹ̀ mímọ́."

"Wòlíì, kì í ṣe ẹsẹ̀ ni mo wọ̀ ọ́ sí."

"Ṣé ẹ ṣì fẹ́ ká fi yín joyè alàgbà, àbí ẹ ò fẹ́ mọ́?"

Kí wọ́n tó bí mi ni bàbá àgbà ti ń retí oyè yẹn. Wọ́n tú táyà náà, wọ́n kó o fún mi, wọ́n sì fi orúnkún lásán kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́.

Iná ni sìmẹ́ńtì tútù lára ẹran ara. Ó jẹ wọ́n lórúnkún wọ egungun. Ní ìrọ̀lẹ́, èmi ni mò ń fi òrí pa á. "Rọra, ìyá mi," ni wọ́n á máa wí. Egbò jiná o, àmọ́ orúnkún gan paali, kò ká mọ́.

Lọ́jọ́ ìfòróróyàn, wòlíì ní kí àwọn tó fẹ́ joyè kúnlẹ̀ lórí pẹpẹ. Bàbá àgbà di ògiri mú nínú sùtánà funfun wọn, wọ́n gbìyànjú, wọ́n gbìyànjú. Wòlíì gbé òróró dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ẹni tí kò lè kúnlẹ̀ fún Olúwa kò tíì ṣe tán," ló wí, ó sì gbé òróró kọjá lára wọn.

Gbogbo àwọn àgbà ìjọ fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí ilẹ̀ tó ń dán. Nígbà tí à ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá àgbà sọ: "Ilẹ̀ yẹn dọ́gba ṣá." Wọ́n kú láìjoyè.

Inú ń bí mi dòní, n ò ní purọ́. Táyà méjèèjì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ká kúnlẹ̀, ńṣe ni mò ń jókòó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun tó ṣe orúnkún mi.