Tẹ̀tẹ̀ Tí Ìyá Mi So Àkísà Mọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí tẹ̀tẹ̀ tó bá gbó ṣì ń ga jù mí lọ, àkùrọ̀ ìyá mi wà lẹ́bàá odò ní Omifunfun níhìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ fetí sí mi dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí wọ egungun. Bí ẹ̀fọ́ bá ti hù, ìyá mi á máa rìn yí i ká, á máa wò ó. Èyí tó bá tètè yọ òdòdó, ọbẹ̀ ni tirẹ̀. Èyí tí ewé rẹ̀ bá fẹ̀, tí kò yára gbó, ìyá mi á so àkísà mọ́ ọn lọ́rùn. Irúgbìn nìyẹn, àkísà yẹn sì ni ààlè rẹ̀. Kò sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá dán an wò, tó gé ẹ̀fọ́ alákìísà, kó yáa máa wá ibi tí yóò sùn.

Alájàpá kan wá láti Òrè nígbà kan, ojú rẹ̀ wọ àwọn alákìísà yìí, ó ní òun á ra gbogbo wọn ní iye tí ìyá mi bá pè. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá ọlọ́jà, tí mo bá tà á fún yín, kí ni n ó gbìn? Ṣé owó?"

Bí èso bá gbó, a ó gé orí rẹ̀, a ó so ó kọ́ sókè ààrò kí èéfín máa fẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà la ó lù ú, a ó fẹ́ ẹ, a ó pò ó mọ́ eérú, a ó rọ ọ́ sínú kèrègbè. Àwọn èèyàn á wá láti Àgọ́ Aláyé, láti Òdìgbó, wọn á na ọwọ́, ìyá mi á bù ú fún wọn. Kò gba kọ́bọ̀. Ta ló ń ra èso ẹ̀fọ́ nígbà náà?

Mo gbé irúgbìn yẹn dé ọjọ́ ogbó mi. Àmọ́ ọmọ mi ra gáàsì fún mi, Ọlọ́run ó bùkún un, ààrò wá di ibi tí adìẹ ń sùn. Kò sí èéfín mọ́. Òjò èṣín pọ̀, ọ̀rinrin wọ kèrègbè, èso bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Mo yà sí èyí tí wọ́n ń tà ní Òrè. Háà! Òmíràn kò hù rárá. Èyí tó hù kò tíì ga tó nǹkan kan tó ti ń yọ òdòdó. Wọ́n ti ta èyí tó dára tán lọ́jà, àwọn aràrá tó kù ni wọ́n fi ṣe irúgbìn. Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ó ti tẹ́ báyìí o.

Mo tún kèrègbè yẹn tú, mo ṣa ìwọ̀nba tí kò bu, mo gbìn ín sẹ́yìn ilé. Díẹ̀ hù. Mo so àkísà mọ́ ọn bí ìyá mi ti ń ṣe. Ó ku díẹ̀ kó gbó tán ni àbúrò mi ṣàìsàn ní Òdìgbó, mo bá gun ọ̀kadà lọ tọ́jú rẹ̀. Ìgbà tí mo padà, ẹ̀yìn ilé ti mọ́ tónítóní. Ìyàwó ọmọ mi kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Mo ní ìbàdí ń dùn yín, mo bá bá yín hú àwọn ẹ̀fọ́ tó ti gbó yẹn. Mo ti sun wọ́n. Mo sì ti ra èso tuntun fún yín ní Òrè."

"Àkísà ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo rò pé atẹ́gùn ló gbé e wá ni, Màmá."

Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Mo kúnlẹ̀ ti eérú, mo ń fi ọwọ́ tú u. Èso tẹ̀tẹ̀ dúdú, eérú náà dúdú. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí ebè, mo ń bomi rin ín láràárọ̀, mo ń sunkún. Kò sí nǹkan tó hù.

Mo ti lọ sí Àgọ́ Aláyé, mo ti kan ilẹ̀kùn àwọn ọmọ àwọn tí ìyá mi bù ú fún. Gáàsì ni gbogbo wọn fi ń dáná. Wọ́n ní kí n lọ rà á ní Òrè. Ayé ti yí o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni gbogbo ayé ti ń tọrọ; èmi ọmọ rẹ̀ ló wá ń tọrọ kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo òkè ààrò ìyá ìyá yín. Bí ẹ bá rí kèrègbè tí eruku ti bò, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé kan ti tó mi.