Òdòdó Ìda Ìyá Gbọ́lá

Láti Ọjà-Ọ̀dàn títí dé Ìlaro, bí èèyàn méjì bá dárúkọ Yéjídé, olóògbé ìyàwó Kòkúmọ́, ọ̀rọ̀ òun àti àwọn aṣọ́bodè ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Kòkúmọ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ló fi ọ̀kadà gbé e, òun náà sì ni òógùn bò.

Ìgbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa ni. Ìrẹsì kò gbọdọ̀ kọjá, òróró kò gbọdọ̀ kọjá, kódà ẹni tí ikùn rẹ̀ bá yọ díẹ̀, wọ́n á ní kó sọ̀ kalẹ̀ káwọn wo ohun tó wà lábẹ́ aṣọ. Yéjídé gbé agbọ̀n kan sáàárín òun àti ọkọ rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè dá wọn dúró lójú ọ̀nà Ìlaro. Ọ̀gá wọn ṣí agbọ̀n, ó sì bá àbẹ́là níbẹ̀, àbẹ́là tó rí bí òdòdó òṣíbàtà gan-an, tí ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹ̀.

"Màmá, ẹrù Kutonu lèyí."

"Kutonu wo?"

"Ohun tó dára tó báyìí? Fàyàwọ́ ni!"

Ẹlòmíì ìbá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Kòkúmọ́ tilẹ̀ ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n Yéjídé di ọ̀gá aṣọ́bodè lọ́wọ́ mú, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. "Ẹ tún un wí! Ẹ wí i sókè, kí ọkọ mi lè gbọ́!"

"Màmá, mo ní màá gba ẹrù yìí lọ́wọ́ yín."

"Ẹ ó gbà á. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ó dára."

Nígbà tí ọkùnrin náà nawọ́ gbé agbọ̀n lóòótọ́ ni ẹ̀rín kúrò lójú Yéjídé. Kérésìmesì ku ọ̀la, ìjọ wọn ní Ìlaro sì ń retí àbẹ́là náà. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe é," ló wí. "Níbo ni sítóòfù yín wà?"

Wọ́n ń se tíì lábẹ́ igi. Kí wọ́n tó mọ̀, Yéjídé ti mú òdòdó kan jáde, ó dijú, ó fún un mọ́lẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù páànù, ó sì gbé kọ́ọ̀pù náà sínú omi tíì wọn tó ń hó. Ìda yọ́. Ó da omi tútù sára ọmọrí ìkòkò, ó da ìda lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi ọ̀bẹ gé e sí ewéewé kó tó le, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara òwú. Ṣùgbọ́n ó kánjú jù.

Ọ̀gá wò ó. "Màmá, etí ewúrẹ́ lèyí."

"Òdòdó tí kò tíì là ni," ni Yéjídé fèsì. "Ṣé ọjọ́ tí wọ́n bí yín náà lẹ di ọ̀gá?"

Ó tún un yọ́. Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀, kò sì kánjú mọ́. Ewé kan tẹ̀ lé òmíràn yí òwú ká. Àwọn aṣọ́bodè lóṣòó tì í. Àwọn awakọ̀ tírélà tó ń gbé sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Ibese sọ̀ kalẹ̀ wá wòran, ọ̀nà sì dí pa. Nígbà tó fi ìka tí omi wà lára rẹ̀ tẹ ewé tó gbẹ̀yìn sẹ́yìn, tí òdòdó náà la ẹnu, ariwo sọ lójú títì bí ẹni pé ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Ọ̀gá dá agbọ̀n padà. Síbẹ̀ iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. "Màmá, ṣé ó dá yín lójú pé kò sí nǹkan ilẹ̀ òkèèrè kankan nínú rẹ̀?"

Yéjídé ronú díẹ̀. "Ká má purọ́, Ọjà-Ọ̀dàn ni àwọn oyin mi ń sùn, àmọ́ òdìkejì bodè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń jẹun. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wọn, mo lè mú yín dé ẹnu ọ̀nà wọn."

Ohun tó ya Kòkúmọ́ lẹ́nu jù ni pé oṣù méjì péré ṣáájú, obìnrin yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àbẹ́là rárá. Oyin ló ń tà. Ìda, dídànù ló ń dà á nù. Bàbá Cornelius, àlùfáà ìjọ wọn ní Ìlaro, ló dìde lọ́jọ́ Ìsinmi kan, tó kéde tìbànújẹ́-tìbànújẹ́ pé àbẹ́là olódòdó tó máa ń ti Kutonu wá kò ní sí lórí pẹpẹ lọ́dún yẹn. Yéjídé fò dìde. "Èmi á ṣe é!"

Kòkúmọ́ fà á láṣọ. "Ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe ni?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́."

Bó ṣe di pé ilé dàrú nìyẹn. Ó se afárá oyin, ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ sẹ́ ẹ. Ó lọ dúró nínú odò dé orúnkún, ó ń bá òṣíbàtà wíjọ́ pé kó yéé mì kóun lè rí bí ewé rẹ̀ ṣe tò. Ìkòkò ọbẹ̀ ló sì fi ń yọ́ ìda. Nígbà tí Kòkúmọ́ ti oko dé tó jẹ ẹ̀bà, àárín oúnjẹ ni ètè rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra. Ó ń tọ́ka sí ẹnu, ó ń ṣe "hmm, hmm!"

"Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá Gbọ́lá," ni Yéjídé wí láìgbójú sókè. "Èyí ló kọ́kọ́ lẹ̀ dáadáa láti àárọ̀."

Òwúrọ̀ Kérésìmesì wá pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, òdòdó ìda sì tò sórí pẹpẹ. Bàbá Cornelius ṣá ìṣáná, ó nawọ́ sí ti àárín.

"Ẹ pa á!"

Gbogbo orí yí padà. Yéjídé ti wà lórí ìdúró.

"Ìyá Gbọ́lá, ẹ jọ̀wọ́," ni Bàbá Cornelius wí pẹ̀lẹ́, "àbẹ́là ṣáà ni."

"Mo mọ̀ pé àbẹ́là ni! Ẹ tan èyí tó rí gbọọrọ!"

Àwọn akọrin fi ìwé orin bojú, èjìká wọn ń mì. Ṣùgbọ́n iná ti mú. Ó ń jó láàárín òdòdó náà, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ewé rẹ̀ kọjá, gbogbo rẹ̀ sì pọ́n yòò bí ohun tó ní ẹ̀mí. Òórùn oyin rọra gba ilé kan. Yéjídé jókòó. Ó di ọwọ́ Kòkúmọ́ mú lójú gbogbo ìjọ, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, kò sì sọ ohunkóhun títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ìgbà náà ni ìjọ gbà pé iṣẹ́ ìyanu ń bẹ.

Wọ́n ṣí bodè padà, àwọn èèyàn kò sì yéé wá ra òdòdó rẹ̀. Ríra ló wá di ogun. Tẹ́nì kan bá ní òun fẹ́ tàn án, Yéjídé á gbé e pamọ́: "Ẹ fẹ́ sun iṣẹ́ mi níná?" Tẹ́nì kejì bá ní òun kò ní tàn án láé, á tún gbaná jẹ: "Ṣé ère ni mo gbẹ́ fún yín ni?" Jẹ̀mílátù, ará ilé kejì, ló rí ọgbọ́n ta á. Ó ní òun kò tíì mọ ohun tóun máa fi ṣe. Yéjídé gbé ọ̀kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọdún tó kọjá ni Yéjídé ṣàìsàn ráńpẹ́, tó sì lọ. Nígbà tí wọ́n wá bá Kòkúmọ́ kẹ́dùn, ẹkún ni wọ́n gbé wọlé. Jẹ̀mílátù wá mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ètè tó lẹ̀ mọ́ra, ni ẹnì kan bá fọhùn rẹ́rìn-ín, ni ilé bá gbẹ̀rín. Kòkúmọ́ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí, ó jókòó sẹ́yìnkùlé nítòsí àpótí oyin Yéjídé. Ó wojú ọ̀run.

"Òjò máa rọ̀ lónìí," ló wí.

Jẹ̀mílátù ń ká aṣọ rẹ̀ lórí okùn ní òdìkejì ọgbà. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó máa rọ̀."

Kòkúmọ́ yíjú sí i. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ kíákíá bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn, kò sì dùn mọ́ ọn. Nígbà ayé Yéjídé, bó bá ní ilẹ̀ ti mọ́, obìnrin náà á ní ó ṣì ń gbìyànjú ni.

"Kò dájú o," ló wá dá ara rẹ̀ lóhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Atẹ́gùn yìí kì í ṣe ti òjò."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dìde, ó sì lọ kó aṣọ tirẹ̀ sílé.